Ayọ̀délé Awójọbí

Ayọ̀délé Awójọbí (ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 1937 – ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1984) jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì ìlú Èkó, olùhùmọ̀ àti ajìjàgbara ọmọ Nàìjíríà. Òun ni ó ṣe Autonov 1, ọkọ̀ tí ó lè fi eré kan náà lọ síwájú àti sẹ́yìn.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́

Oṣòdì ní Èkó ni a bí i sí. Ọmọ Ìkòròdú ni bàbá rẹ̀, ọ̀gá ibùdókọ̀ rélùwéè. Ìyá rẹ̀, ọmọ Mọ́dákẹ́kẹ́, ń ṣòwò kéékèèké. Ó kàwé ní CMS Grammar School, ó sì tẹ̀ síwájú ní Zaria, níbi tí ó ti gba oyè Yunifásítì London ní ipò kìíní nínú mechanical engineering lọ́dún 1962. Ìjọba àpapọ̀ rán an lọ sí Imperial College ní London, ó sì di ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ lọ́dún 1966. Ní ọdún 1974 ni ó gba DSc, oyè tí ó ga ju ti ọ̀mọ̀wé lọ. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gbà á ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà nínú iṣẹ́ yìí.

Ìwádìí rẹ̀ dá lórí bí ilẹ̀ ṣe máa ń mì lábẹ́ ohun tí a gbé lé e. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìwé lásán, nítorí ẹni tí yóò gbé ẹ̀rọ ńlá kalẹ̀ nílé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ bí ìpìlẹ̀ rẹ̀ yóò ṣe mì.

Autonov 1

Awójọbí fúnra rẹ̀ gbé ìdarí ọkọ̀ Opel rẹ̀ kúrò lápá ọ̀tún sí apá òsì. Irú iṣẹ́ yìí wúlò fún ọ̀pọ̀ onímọ́tò nígbà tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún títì ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972. Fún Autonov 1, ó mú ọkọ̀ jíìpù irú ti ológun, ó fi ìdarí kejì sí i, ó sì tún ẹ̀rọ rẹ̀ tò kí jíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè ṣiṣẹ́ síhà méjèèjì. Awakọ̀ kò nílò láti yí ọkọ̀ padà kí ó tó lè sáré gba ọ̀nà tí ó bá wá.

Ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò di ọjà. Lọ́dún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry, tí kò jìnnà sí Festac Town àti Apple Junction òde òní. Ẹ̀yà ọkọ̀ láti òkè òkun ni wọ́n ń tò níbẹ̀. Ní Èkó kan náà, iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n náà kò rí ilé-iṣẹ́ tí yóò ṣe é ní ọ̀pọ̀ fún títà. Ọ́fíìsì tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1979, tí a ń pè ní NOTAP láti ọdún 1992, kọ́kọ́ gbájú mọ́ àdéhùn ìmọ̀ ẹ̀rọ tí à ń rà láti òkèèrè. Lẹ́yìn ikú Awójọbí ni ó wá dá ẹ̀ka sílẹ̀ nínú àwọn yunifásítì, láti ran àwọn olùwádìí lọ́wọ́ kí wọ́n forúkọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì rí olówò tí yóò gbé e jáde.

Òṣèlú àti ikú

Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 1979, ó tako ìṣirò ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19 tí ó gbé Shehu Shagari wọlé. Ó kú ní ọmọ ọdún 47. Ère rẹ̀ wà ní Yaba, ní Èkó.