Michael Faraday: Ọmọ Alágbẹ̀dẹ Tí Ó Fi Òòfà Mú Iná Jáde

Bí òbí kan bá bi wá léèrè ohun tí ọmọ alágbẹ̀dẹ ìlú Lọ́ńdọ̀nù ń wá nínú ìwé ilé-kéwú wa, a ó ní kí ó kọ́kọ́ wo wáyà ńláńlá tí ó gbé iná láti Egbin, ní apá Ìkòròdú, wá sí Ajah níhìn-ín.

Ọdún 1791 ni wọ́n bí Michael Faraday. Bàbá rẹ̀ kò ní ìlera, owó kò sì wọlé. Ní 1801 tí oúnjẹ wọ́n, ìṣù búrẹ́dì kan ni wọ́n ń fún un fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò díẹ̀ ni ó rí kọ́ ní ilé-ìwé. Ní ọmọ ọdún 14, wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ ìwé dídì fún ọdún 7. Bí ó ti ń di ìwé ni ó ń kà á, tí ó sì ń fi ohun tí kò wọ́n dán ohun tí ó kà wò. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ ní Lekki àti Ajah, ẹ má tíì sọ̀rètí nù lórí ìmọ̀ wọn.

Ní 1813, ọ̀mọ̀wé Humphry Davy gbà á sí iṣẹ́ ní Royal Institution. Ní 1831, ó wé wáyà kọ́pà yí páálí kan tí inú rẹ̀ ṣófo. Bí ó ti ti òòfà, èyí tí à ń pè ní mágínẹ́ẹ̀tì, bọ inú rẹ̀, iná sáré nínú wáyà náà. Bí ó ti fà á jáde, iná tún sáré, ó sì gba ọ̀nà òdìkejì. Bí òòfà bá dúró jẹ́ẹ́, kò sí iná rárá. Jẹnẹrétọ̀ ilé wa àti ẹ̀rọ Egbin, bẹ́ẹ̀ náà ni: òòfà ni ó ń yí láàrin wáyà.

Ó tún máa ń wọ́n èérún irin sórí pépà tí òòfà wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa lè ṣe èyí. Ẹ yọ òòfà lára sípíkà rédíò tí ó ti bàjẹ́, ẹ fi ọ̀rá wé e (bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó pẹ́ kí ẹ tó yọ èérún kúrò lára rẹ̀), kí ẹ wọ́ ọ nínú yanrìn gbígbẹ. Ohun dúdú tí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ dà á sórí pépà, ẹ fi òòfà sábẹ́, kí ẹ rọra fi ìka lu pépà náà. Yóò tò bí ìlà yí òòfà ká. Faraday ní agbára òòfà kún gbogbo àyíká rẹ̀, ìlà wọ̀nyí ni ó sì fi ń hàn.

Láàrin 1827 sí 1860, ìgbà 19 ni ó fi irú nǹkan báyìí kọ́ àwọn ọmọdé níwájú gbogbo ènìyàn, ní àsìkò Kérésìmesì. Wọ́n fi oyè lọ̀ ọ́, ó kọ̀ ọ́. Ó kú ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ, ọdún 1867. Wáyà tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ wé ní 1831 ṣì wà ní Royal Institution.