Báólójì Kò Pin Sọ́dọ̀ Dókítà: Ìtàn Ọ̀mọ̀wé Ṣànyà Ọnàbámiró

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí a jọ fún ara wa mọ́ inú láàbù báólójì, àti ẹ̀yin tíṣà wa tí ẹ kọ́ wa bí a ṣe ń ya àwòrán àmíbà, ó dá mi lójú pé ẹ ò tíì gbàgbé bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí ní Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì nígbà náà. Ọmọ tó bá ti mọ báólójì, dókítà ni gbogbo àdúgbò á ti máa pè é kó tó jókòó ṣe WAEC. Bí JAMB kò bá wá fún un ní ìmọ̀ ìṣègùn, tó jẹ́ ìmọ̀ nípa ẹranko tàbí ewéko ni wọ́n fún un, ṣe ni ilé á dà bíi pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wọ́n. Wọ́n á máa bi í bóyá ọgbà ẹranko ló fẹ́ lọ máa ṣọ́.

Òun ni mo ṣe fẹ́ mú ẹnì kan wá síwájú yín: Ọ̀mọ̀wé Ṣànyà Ọnàbámiró, ọmọ Àgó-Ìwòyè ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan nínú ẹ̀yin tíṣà wa á ti máa fajú ro bí wọ́n ṣe rí orúkọ yẹn. Ẹ fara balẹ̀ fún mi, a óò dé ibẹ̀.

Yaba Higher College ló lọ, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìgbà òyìnbó tó padà di Yaba College of Technology. Ìwé ẹ̀rí ibẹ̀ kì í ṣe dìgírì, ẹni tó bá sì jáde níbẹ̀, igbákejì òyìnbó ló máa jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ polí mọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń dunni. Ọnàbámiró kò jókòó ti ìyẹn, ó gba Manchester lọ, ó sì kọ́ ìmọ̀ nípa ẹranko. Ní 1949, ìwé rẹ̀ kan jáde ní London, tó pè ní Why Our Children Die. Ó tò ó sílẹ̀ nínú rẹ̀ ohun tó ń pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wa ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà àti bí a ṣe lè dá a dúró. Ẹ rántí pé kì í ṣe dókítà o.

Àmọ́ sòbìà ló sọ ọ́ di ẹni tí ayé sáyẹ́ǹsì mọ̀. Ẹ̀yin ọmọ Èkó lè má fojú rí i rí, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn òbí yín tó ti abúlé wá. Aràn ni, ó sì lè gùn tó mítà kan. Èèyàn á mu omi adágún lónìí, kò ní mọ nǹkan kan fún nǹkan bí ọdún kan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹsẹ̀ á wú, á lé ròrò, á máa ta bí iná, orí aràn á sì yọ síta. Kò sí oògùn, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n á máa fà á díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n á máa wé e mọ́ igi. Bó bá já, ìrora tuntun dé nìyẹn. Àgbẹ̀ á dùbúlẹ̀ sílé fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ọmọ iléèwé á pa iléèwé tì. Bí aláìsàn bá wá ti ẹsẹ̀ bọ omi kó lè tù ú lára, aràn náà á tú ọmọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún sínú omi tí gbogbo abúlé ń pọn.

Kòkòrò omi kan tí wọ́n ń pè ní Cyclops, tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ló ń gbé àwọn ọmọ aràn yìí mì. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń dàgbà nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì mu omi náà ti gbé tirẹ̀ nìyẹn. Fedchenko, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ti rí ìyẹn láti 1870. Ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ni Cyclops; èwo gan-an nínú tiwa ló ń ṣiṣẹ́ ibi yìí? Ohun tí Ọnàbámiró lọ wá nìyẹn nígbà tó ń ṣe ìwádìí ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn. Ó lọ sí abúlé, ó bu omi wọn, ó gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù. Ní 1951 ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde, ó fi hàn pé Thermocyclops nigerianus ni ọ̀daràn abúlé tó yẹ̀ wò. Ó tún wo ìrìn wọn tọ̀sán tòru nínú omi. Cyclops tó bá ti kó aràn a máa rì sí ìsàlẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá wá fa omi gbẹ, ìsàlẹ̀ yẹn náà ni igbá àwọn apọnmi ń kàn. Ní 1952 ó ṣàpèjúwe oríṣi Cyclops mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sílẹ̀ rí. Òmíràn wà tí wọ́n fi orúkọ tirẹ̀ pè: Tropocyclops onabamiroi. Ọmọ Ìjẹ̀bú nínú ìwé sáyẹ́ǹsì àgbáyé!

Ibi tí ẹlòmíì ì bá dúró sí nìyẹn. Ní 1953 ó tún kọ ìwé mìíràn lórí oúnjẹ àti ìlera. Ní 1959, wọ́n fi í sínú Ìgbìmọ̀ Ashby tó wádìí irú ẹ̀kọ́ gíga tí Nàìjíríà máa nílò lẹ́yìn òmìnira. Mẹ́sàn-án ni wọ́n, ọmọ Nàìjíríà mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀: Kenneth Dike, Shettima Kashim àti òun. Kò fara mọ́ gbogbo ohun tí àwọn yòókù fẹnu kò lé lórí. Ó kọ èrò tirẹ̀ sọ́tọ̀ pé ó yẹ kí ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ní yunifásítì tiwọn. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí Ifẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1962, ẹ mọ̀ báyìí pé ọwọ́ onísòbìà wà níbẹ̀. Ó sì ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn.

Ó wá ku ibi tó le. Nígbà tí Ẹgbẹ́ Action Group pín sí méjì ní 1962, tí Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá kọjú ìjà síra wọn, Ọnàbámiró wà lára àwọn tó jẹ́rìí fún ìjọba ní ilé ẹjọ́ tako Awólọ́wọ̀. Ní September 1963 wọ́n rán Awólọ́wọ̀ lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ Yorùbá kò dárí jì í títí ó fi kú. Bàbá mi gan-an kì í dárúkọ rẹ̀ láì pòṣé. Èmi kò ní gbèjà rẹ̀ lórí ìyẹn, mi ò sì ní torí ẹ̀ fi ọwọ́ pa iṣẹ́ abúlé yẹn rẹ́. Mo rò pé ọ̀kan ti bo èkejì mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kọ́ni ní báólójì lónìí kì í fi í dárúkọ rẹ̀ fọ́mọ.

Lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀ ó padà sídìí ìwé kíkọ. Ní 1983 ó gbé àròkọ jáde lórí ìtàn Nàìjíríà, ó sì kú ní 1985. Ọdún bíi mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n ka àwọn tó ní sòbìà káàkiri Nàìjíríà, wọ́n lé ní 600,000. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, kànga tó dáa, àti kíkìlọ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ sòbìà pé kó má tẹ omi, ni wọ́n fi lé e. 2008 ni ẹni tó kó o gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i ní 2013 pé ó ti tán nílẹ̀ wa.

Ẹ tún wo àdúgbò wa ná. Láti 1956 ni iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí a mọ̀ sí FIIRO ti wà ní Òṣòdì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wádìí bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń kan, kí ẹ̀rọ lè máa ṣe gàrí. Láàbù ńlá NAFDAC náà wà ní Òṣòdì, àwọn tó kàwé nípa kòkòrò àìfojúrí sì wà lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń tibi àpéjọ bọ̀, tí oòrùn mú yín lábẹ́ bíríìjì Òṣòdì, tí ẹ ra píọ̀ wọ́tà lọ́wọ́ ọmọdé, ẹ yí ọ̀rá náà wò kí ẹ tó fi eyín já a. Nọ́ńbà NAFDAC tó yẹ kó wà lára rẹ̀, iṣẹ́ ẹni tó bu omi sábẹ́ maikirosikóòpù wà lẹ́yìn rẹ̀.