Ìtàn Ìgbésí Ayé Bessie Coleman, Awakọ̀ Òfurufú

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti í wí. Bí a bá dí ọ̀nà kan mọ́ ẹni tí ó mọ ibi tí òun ń lọ, òmíràn ni yóò wá. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba nínú ìgbésí ayé Bessie Coleman, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó gba ìwé ẹ̀rí láti wa ọkọ̀ òfurufú.

Ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 1892 ni a bí i ní ìlú Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Texas. Ọmọ mẹ́tàlá ni ìyá rẹ̀ bí, òun sì ni ìkẹwàá. Àgbẹ̀ tí ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀. Ní ọdún 1901 baba rẹ̀ fi ilé sílẹ̀, gbogbo ẹrù sì di ti ìyá. Bí àsìkò ìkórè òwú bá dé, wọn a ti ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ dúdú, kí tọmọdé tàgbà lè lọ sí oko. Síbẹ̀ Bessie kò fi ìwé ṣeré, ó sì fẹ́ràn ìṣirò púpọ̀. Ó tu owó jọ, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Langston ní Oklahoma, ṣùgbọ́n sáà kan péré ni owó náà tó.

Ní ọdún 1915 ó lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní Chicago, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀, níbi tí ó ti ń tún èékánná àwọn oníbàárà ṣe. John ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ó ti jagun ní ilẹ̀ Faransé, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn obìnrin ọ̀hún ń fò lójú ọ̀run, ohun tí irú tirẹ̀ kò lè ṣe. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà kọ̀ ọ́ nítorí pé ó jẹ́ obìnrin, àti nítorí àwọ̀ rẹ̀. Nígbà náà ni Robert Abbott, ẹni tí ó ni ìwé ìròyìn Chicago Defender, gbà á níyànjú láti lọ sí Faransé. Bessie kọ́ èdè Faransé, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi ní oṣù kọkànlá ọdún 1920. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 1921, ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Nígbà tí ó padà sílé, eré orí òfurufú ni ó fi ń jẹun. Igi àti aṣọ ni a fi kan ọkọ̀ ìgbà náà, àwọn awakọ̀ a sì máa fi í dorí kodò, wọn a máa pòyì bí àṣá, kí àwọn ènìyàn lè sanwó wòran. Ní oṣù kejì ọdún 1923, ẹ̀rọ ọkọ̀ rẹ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lókè ní agbègbè Los Angeles. Ẹsẹ̀ rẹ̀ àti egungun ìhà rẹ̀ ṣẹ́. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó tún gòkè. Kì í ṣeré níbi tí a kò bá ti jẹ́ kí àwọn ènìyàn dúdú wọlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ni ó ń wá láti fi dá ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ sílẹ̀ fún wọn.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1926, ní Jacksonville ní Florida, ó gòkè láti wo ilẹ̀ tí yóò bẹ́ sí nínú eré ọjọ́ kejì. William Wills ni ó ń wa ọkọ̀. Bessie kò de ara rẹ̀ mọ́ ìjókòó, kí ó lè bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀. Lójijì ọkọ̀ náà dorí kodò, ó ń pòyì, Bessie sì já bọ́ láti òkè. Òun àti Wills kú lọ́jọ́ náà. Sípánà kan ni a rí tí ó há sínú ẹ̀rọ ìdarí ọkọ̀. Ẹni ọdún 34 ni Bessie.

Kò dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ kí ó tó lọ, ṣùgbọ́n ní ọdún 1929 William Powell dá ẹgbẹ́ awakọ̀ òfurufú sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ ní Los Angeles. Nígbà tí Mae Jemison, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí ó lọ sí gbalasa òfurufú, gbéra ní ọdún 1992, àwòrán Bessie wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níhìn-ín fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Èkíní ni pé kí a má ṣe jẹ́ kí ìdènà ènìyàn sọ ìfẹ́ rere inú wa di asán. Èkejì ni pé ìgboyà kò gba ipò ìṣọ́ra: irinṣẹ́ kékeré tí a kò fi sí ààyè rẹ̀ lè gba ẹ̀mí akọni.