Táí Ṣólárìn: Ààbò àti Òmìnira Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ilé-Ẹ̀kọ́

Bí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe lè dáàbò bo akẹ́kọ̀ọ́ láì gba òmìnira rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn olùkọ́ ti ń jiyàn lé lórí tipẹ́. Lára àwọn tí wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn wá ìdáhùn sí i ní ilẹ̀ Yorùbá ni Augustus Táíwò Ṣólárìn, tí tèwe-tàgbà mọ̀ sí Táí.

Ìkẹ́nnẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ ni a bí i sí ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹjọ, ọdún 1922. Ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Wesley College, Ìbàdàn, ó sì bá àwọn ọmọ-ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Lẹ́yìn ogun, ó lọ sí Yunifásítì Manchester. Nígbà tí ó padà wálé ní 1952, ó di ọ̀gá àgbà Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀. Láyé ìgbà náà, àwọn ìjọ ni wọ́n ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Orin àti àdúrà òwúrọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ òbí kà sí odi tí ó yí ìwà ọmọ ká. Lójú Ṣólárìn, ìgbàgbọ́ tí a fi túláàsì gbìn kò lè ta gbòǹgbò. Nígbà tí ọ̀rọ̀ òun àti àwọn aláṣẹ kò wọ̀ mọ́, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1956, òun àti aya rẹ̀, Sheila, dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé àwọn tí ń wá òmìnira ẹ̀sìn lọ sí Amẹ́ríkà ní 1620 ni ó fi sọ ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Síbẹ̀, òmìnira yìí kì í ṣe ìwà bó-ṣe-wù-mí. Tọkùnrin tobìnrin ni akẹ́kọ̀ọ́ ń dáko, tí wọ́n sì ń lọ́wọ́ nínú kíkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Ààlà ni Ṣólárìn pa: àkókò, iṣẹ́ àti ìlera ọmọ wà níkàáwọ́ ilé-ẹ̀kọ́; ohun tí ọmọ gbà gbọ́ wà níkàáwọ́ ọmọ fúnra rẹ̀.

Ààlà náà kò ṣàì ní ìṣòro. Ọmọ tí ó fẹ́ jọ́sìn ní ilé-ẹ̀kọ́ kò rí àyè, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ oko kì í ṣe àṣàyàn. Àwọn òbí mìíràn sì gbà pé ọmọdé kò tíì gbọ́n tó láti dá irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ṣe.

Ní 1976, lẹ́yìn tí ìjọba gba àwọn ilé-ẹ̀kọ́, Ṣólárìn kúrò ní ipò ọ̀gá. Ní 1984, ìjọba ológun fi òun náà sí àtìmọ́lé fún ohun tí ó lé ní ọdún kan nítorí àtakò rẹ̀. Ó jáde láyé ní ọjọ́ 27, oṣù Keje, 1994. Ní 2005 ni a fi orúkọ rẹ̀ sọ yunifásítì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ tí ó wà ní Ìjagun.

Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ẹ̀kọ́ tí ìgbésí ayé Ṣólárìn kọ́ olùkọ́ ni pé kí ó tó ṣe òfin kan, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá ọmọ ni òfin náà ń dáàbò bò, tàbí àṣẹ àgbà lásán.