Màlámù Aminu Kano àti Ẹgbẹ́ Àwọn Tálákà Òkè Ọya

Nígbàkúùgbà tí a bá ń sọ ìtàn bí Nàìjíríà ṣe gba òmìnira, ẹgbẹ́ òṣèlú mẹ́ta ni ó máa ń wá sí wa lẹ́nu: N.P.C. ti Òkè Ọya, N.C.N.C. alákùkọ, àti Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Ẹ̀kẹrin kan wà tí a kì í sábà rántí ní ìhà ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, nítorí kò ṣe ìjọba ẹkùn kankan rí, àga tí ó sì ní nínú Ilé Aṣòfin àpapọ̀ lọ́jọ́ òmìnira kò ju 8 lọ. N.E.P.U. ni orúkọ rẹ̀. Àwọn Hausa a máa pè é ní Jam'iyyar Neman Sawaba, èyíinì ni ẹgbẹ́ tí ń wá ìtura. Ìtàn ọkùnrin tí ó ṣe olórí rẹ̀, Màlámù Aminu Kano, ni a fẹ́ sọ lónìí. Àwọn kan kà á sí ẹni mímọ́ tí kò mọ òṣèlú í ṣe. Àwọn mìíràn sì ní aláriwo lásán ni. Lójú tiwa, kò sí èyí tí ó tọ́ nínú méjèèjì. Ohun tí ìgbésí ayé ọkùnrin yìí ń bi wá ni bí ẹgbẹ́ kékeré tí ó fẹ́ tú ìdè tálákà yóò ṣe bá àwọn alágbára lò, láìsọ àwọn tí ó ń jà fún nù sí ojú ọ̀nà.

Ní 1920 ni a bí i ní ìlú Kano, ní àdúgbò Sudawa, nínú ìdílé Genawa, tí wọ́n jẹ́ Fúlàní, tí ìmọ̀ òfin Ìsìláàmù sì jẹ́ iṣẹ́ ìdílé wọn láti ìrandíran. Màlámù Yusufu, bàbá rẹ̀, jẹ́ ọ̀mọ̀wé òfin ní kóòtù Alkali. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó wá di agbẹnusọ fún tálákà kì í ṣe ọmọ tálákà; láti inú ilé àwọn tí ń dá ẹjọ́ ni ó ti jáde wá. Ìdí nìyí tí ó fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti fi Kùráánì dá àwọn aláṣẹ lẹ́bi, nígbà tí àwọn alátakò rẹ̀ ń pariwo pé ẹ̀kọ́ Kọ́múníìsì ni ó gbé wá. Ẹni tí a tọ́ dàgbà nínú ilé òfin ni yóò kọ́kọ́ mọ ibi tí òfin ti wọ́.

Ó ka ìwé ní Kano, ó sì tẹ̀ síwájú ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Kaduna. Ní 1942 ó di olùkọ́ ní Bauchi. Níbẹ̀ ni ó ti bá Sa'adu Zungur pàdé, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Òkè Ọya àkọ́kọ́ tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yaba, ẹni tí ó jù ú lọ lọ́jọ́ orí tí ó sì là á lójú sí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Olùkọ́ mìíràn tún wà nílùú náà tí ń jẹ́ Abubakar Tafawa Balewa. Ẹ wo bí ayé ṣe ń yí: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń jókòó nínú ẹgbẹ́ kan náà láti jíròrò lórí ọ̀ràn ìlú. Kò pẹ́ jù lẹ́yìn náà tí ọ̀kan di olórí ìjọba Nàìjíríà, tí ọ̀kan di olórí ẹgbẹ́ tí ń bá ẹgbẹ́ ẹni yẹn jà, tí Zungur sì kú ní 1958 láìrí òmìnira. Aminu a máa kọ eré lédè Hausa fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, eré tí ó ń fi àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní 1946 ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó padà dé, a fi í ṣe olórí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Maru, nílẹ̀ Sokoto, ó sì di akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Òkè Ọya tí a dá sílẹ̀ ní 1948. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ka ìwé ìròhìn yìí yóò mọ ohun tí èyí já sí. Kí ẹgbẹ́ òṣèlú tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Òkè Ọya, àwọn olùkọ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ bí a ti ń péjọ láti ìlú kan dé òmíràn, tí wọ́n ń kọ lẹ́tà, tí wọ́n ń béèrè ẹ̀tọ́.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Ògọ́sìtì 1950, àwọn ọ̀dọ́ 8 dá N.E.P.U. sílẹ̀ ní Kano. Aminu kò sí lára wọn. Abba Maikwaru ni ààrẹ, akọ̀wé sì ni Bello Ijumu. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: Ìjùmú, nílẹ̀ Kàbbà, níbi tí wọ́n ti ń sọ ẹ̀ka èdè Yorùbá. Ẹgbẹ́ tí a máa ń rò pé ti Hausa nìkan ni, ọmọ ilẹ̀ Ìjùmú ni ó kọ́kọ́ di gègé rẹ̀ mú. Kí ọdún náà tó parí, Aminu kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó fi owó oṣù àti ipò tí ó dájú sílẹ̀, ó sì wọ ẹgbẹ́ tí kò ní owó, tí kò ní ọkọ̀, tí kò sì ní ọba kankan lẹ́yìn. Láìpẹ́ ó di olórí wọn.

Ní oṣù Ọ̀kítóbà 1950 ni ẹgbẹ́ náà gbé ìwé ìpìlẹ̀ wọn jáde. Ohun tí ó wà níbẹ̀ kò jọ ti ẹgbẹ́ mìíràn ní Nàìjíríà ìgbà náà. Àwọn tó kù ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà nítorí òmìnira, N.E.P.U. ní òmìnira nìkan kò tó, nítorí pé ìdílé díẹ̀ ni ó di ìjọba mú ní Òkè Ọya, ìjà sì wà láàárín àwọn ìdílé wọ̀nyí àti àwọn talakawa tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tí gbogbo wọn ń jẹ. Ẹ rántí bí ìjọba ṣe rí níbẹ̀ nígbà náà. N.A. tí Emir ń darí ni ó ni ọlọ́pàá, òun ni ó ni ọgbà ẹ̀wọ̀n, òun ni ó ń gba owó-orí, àwọn Alkali tí ń dá ẹjọ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá mú ọ, àwọn kan náà ni yóò fẹ̀sùn kàn ọ́, tí yóò dá ọ lẹ́bi, tí yóò sì tì ọ́ mọ́lé.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí ẹgbẹ́ yìí fi kéré, ìdìbò 1951 ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin nìkan ni ó lè dìbò ní Òkè Ọya. Àwọn ará ìlú kò sì dìbò tààrà fún aṣojú: wọn a yan àwọn kan, àwọn wọ̀nyẹn a tún yan àwọn mìíràn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi dé ìgbìmọ̀ ìkẹyìn tí yóò yan ẹni tí yóò lọ sí Kaduna. Ní ìpele àkọ́kọ́, nílùú Kano àti ní àwọn ìlú ńlá mìíràn, N.E.P.U. borí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìpele ni a ti ń fi asẹ́ sẹ́ wọn kúrò, nítorí pé bí ìbò bá ti ń gòkè ni ó ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn ìjòyè àti àwọn òṣìṣẹ́ N.A. Nígbà tí ó di ìpele ìkẹyìn, òfin tún fún N.A. láyè láti fi àwọn ènìyàn tirẹ̀ kún ìgbìmọ̀ náà, tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹgbẹ́ tí ará ìlú Kano yàn kò ní ẹnì kan ṣoṣo nínú Ilé Aṣòfin Kaduna. Kò sí ẹni tí ó jí àpótí ìbò gbé. Òfin fúnra rẹ̀ ni ó ṣe iṣẹ́ náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì kọ ọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ìyà gidi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń mú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nítorí ìpàdé tí wọn kò gba àṣẹ fún, àti nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí ìjòyè. Àwọn obìnrin wà lára àwọn tí ó jìyà náà. Gambo Sawaba, olórí àwọn obìnrin N.E.P.U., wọ ẹ̀wọ̀n lọ wọ ẹ̀wọ̀n bọ̀, a kò sì lè ka iye ìgbà náà tán lórí ìka ọwọ́. Obìnrin yìí wá sí Abẹ́òkúta láti wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ẹni tí a mọ ohun tí ó ṣe nípa owó-orí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá. Aminu ń wàásù pé obìnrin gbọ́dọ̀ dìbò, pé ó sì gbọ́dọ̀ kàwé, ó sì ń fi ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù gbè é lẹ́sẹ̀. Àwọn aláṣẹ Kaduna kọ̀. Títí ìjọba wọn fi parí, obìnrin Òkè Ọya kò dìbò. Ọdún 1976 ni wọ́n tó fún wọn ní ẹ̀tọ́ náà.

Ẹgbẹ́ tí a há mọ́ bẹ́ẹ̀ yóò wá ọ̀rẹ́. Ní Ìlọrin, àwọn Tálákà Parapọ̀ fara mọ́ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Ní 1954 N.E.P.U. bá N.C.N.C. ṣe àdéhùn. Lọ́dún kan náà Maitama Sule na Aminu nínú ìdìbò Ilé Aṣòfin àpapọ̀ ní Kano. Ọdún 1959 ni ó tó wọlé fún Ìlà-Oòrùn Kano. Ẹgbẹ́ rẹ̀ gba àga 8 nínú 312, N.P.C. gba 134, N.C.N.C. pẹ̀lú N.E.P.U. gba 89, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ sì gba 73.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti di kókó. N.C.N.C. bá N.P.C. dá ìjọba pọ̀ ní Èkó, Balewa sì di olórí ìjọba. Nítorí àdéhùn 1954, Aminu bá ara rẹ̀ ní ìhà ìjọba. Wọ́n tilẹ̀ fi í ṣe igbákejì ẹni tí ń kó àwọn ọmọ ilé tí ó wà níhà ìjọba jọ láti dìbò. Lójúmọmọ ni ó ń bá N.P.C. dìbò ní Èkó. Ní Kano, N.P.C. kan náà ń ti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ mọ́lé. A mọ ohun tí àwọn tí ń gbèjà rẹ̀ yóò wí: pé òmìnira kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìjà, àti pé ẹni tí ó ní àga 8 kò lè yan ọ̀rẹ́ bí ó ti wù ú. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Síbẹ̀ a kò rí i pé oyè tí wọ́n fún un ní Èkó tú ẹlẹ́wọ̀n kan sílẹ̀ ní Kano. A gbà pé ó yẹ kí ó ti jókòó sí ìhà kejì láti 1960. Nígbà tí ó fi máa di 1964, tí N.C.N.C. àti Ọlọ́pẹ wá para pọ̀ nínú U.P.G.A. tí N.E.P.U. sì dara pọ̀ mọ́ wọn, ilẹ̀ ti ṣú. Ní 1966 àwọn ológun fòfin de gbogbo ẹgbẹ́.

Ó ṣe kọmíṣánnà lábẹ́ Ọ̀gágun Gowon láti 1967, ní ẹ̀ka ìbánisọ̀rọ̀ àti lẹ́yìn náà ní ti ìlera. A kò gbọ́ pé ó kọ́ ilé alárà kan níbẹ̀.

Nígbà tí a tún gba òṣèlú láyè ní 1978, ó dá P.R.P. oníkọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Nínú ìdìbò ààrẹ 1979 ó gba ìbò 1,732,113, ìdá 10 nínú 100 ní gbogbo Nàìjíríà. Ní Kano nìkan, ó lé ní ìdá 76. Abubakar Rimi di gómìnà Kano, Balarabe Musa sì di gómìnà Kaduna. Lẹ́yìn ọdún 29, àwọn talakawa wọ ilé ìjọba. Wọ́n pa owó-orí haraji rẹ́, wọ́n sì pa jangali, owó-orí màlúù, rẹ́ pẹ̀lú. Ẹni tí kò rí bí àwọn agbowó-orí ṣe ń ṣe ní abúlé kò lè mọ bí ìtura náà ti tó.

Ṣùgbọ́n ìṣẹ́gun mú ìjà wọlé. Àwọn gómìnà méjèèjì ń bá àwọn gómìnà U.P.N. àti G.N.P.P. ṣèpàdé, 9 ni gbogbo wọn. Aminu àti àwọn àgbà ẹgbẹ́ sọ pé kí wọ́n yé lọ. Àwọn gómìnà kọ̀. Wọ́n lé wọn kúrò nínú ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ pín sí méjì, Michael Imoudu, àgbà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, sì ṣe olórí apá kejì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò ju èyí lọ: ọmọ ń kánjú, bàbá ń ka ìṣísẹ̀. Àwọn alátakò kò dúró de wọn. Ní oṣù Júùnù 1981, ilé aṣòfin Kaduna, tí N.P.N. pọ̀ jù níbẹ̀, yọ Balarabe Musa nípò. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, nígbà tí Rimi kọ̀wé béèrè àlàyé lọ́wọ́ Emir Kano, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sun àwọn ilé ìjọba, wọ́n sì pa Dókítà Bala Mohammed, olùdámọ̀ràn gómìnà. Bí ilé P.R.P. bá ṣọ̀kan lọ́dún náà, yóò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti yọ gómìnà wọn bí ẹni yọ jìgá.

Ní 1983 Aminu tún fẹ́ du ipò ààrẹ, ó sì yan obìnrin ṣe igbákejì rẹ̀: Ìyáàfin Bọ́lá Ògúnbọ̀. Ọmọ Kano, Mùsùlùmí, àgbà ẹni ọdún 62, mú obìnrin Yorùbá wá síwájú àwọn olùdìbò Òkè Ọya, ibi tí ìbò obìnrin kò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Kò sí ẹgbẹ́ ńlá kan tí ó dán an wò lọ́dún náà. Ọlọ́jọ́ kò jẹ́ kí a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ì bá já sí: ní ọjọ́ 17 oṣù Épírì 1983 ó kú nínú ilé rẹ̀ ní Kano, nǹkan bí oṣù mẹ́rin ṣáájú ìdìbò.

Rimi ti bọ́ sí N.P.P. nígbà náà, ó sì du ipò gómìnà lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ tí ó ti ṣe. Àwọn ará Kano kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n tẹ̀ka fún, wọ́n sì fi Sabo Bakin Zuwo, ọmọ N.E.P.U. àtijọ́, jẹ gómìnà. Oṣù mẹ́ta péré ni ó lò lórí oyè kí àwọn ológun tó dé ní ọjọ́ 31 oṣù Dìsẹ́ḿbà.