Kọ́lá Ògúnmọ́lá: òṣèré tó mú wa dé ìlú àwọn òkú

Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí ni Elijah Kọ́láwọlé Ògúnmọ́lá, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Kọ́lá Ògúnmọ́lá. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí tó ti kú. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń wo fíìmù Yorùbá lórí fóònù ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ó wà lára àwọn tó la ọ̀nà tí àwọn òṣèré òní ń rìn.

Ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá ọdún 1925 ni wọ́n bí i ní Òkèmẹ̀sí, nílẹ̀ Èkìtì tó bá ilẹ̀ Yàgbà wa pààlà. Iṣẹ́ olùkọ́ ló kọ́kọ́ ṣe. Láyé ìgbà yẹn, inú ṣọ́ọ̀ṣì àti iléèwé ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rí eré wò, ìtàn inú Bíbélì ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Hubert Ògúndé ti gbé eré tirẹ̀ jáde ní Èkó lọ́dún 1944, ó sì ti fi han aráyé pé èèyàn lè fi eré ṣíṣe jẹun. Nígbà tó di ọdún 1947, Ògúnmọ́lá náà kó ẹgbẹ́ tiẹ̀ jọ. Wọ́n ń ti ìlú kan bọ́ sí èkejì, gbọ̀ngàn iléèwé sì ni wọ́n sábà máa ń lò.

Ó kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ Ògúndé, àmọ́ ọ̀nà tiwọn yàtọ̀. Eré Ògúndé máa ń bá ìjọba òyìnbó fà á, ó sì kó o sí wàhálà. Ògúnmọ́lá ní tirẹ̀, ẹ̀rín ló fi ń báni wí. Nínú eré rẹ̀ tó ń jẹ́ Ìfẹ́ Owó, ọkùnrin kan wà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní ìrọ̀rùn. Ìgbà tó lọ fẹ́ ìyàwó kejì, tí owó nìkan wà lójú ìyẹn, ni ilé dàrú. Ta ni ò mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ládùúgbò tiẹ̀? Àwọn tó mọ eré sì gbà pé kò wọ́pọ̀ kí èèyàn rí ẹni tó lè fi ojú, ọwọ́ àti ìrìn sọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀ láìlanu.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí àwọn ẹgbẹ́ tíátà ìgbà náà ṣe ń ṣe eré wọn, torí ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wa wà. Wọn kì í sábà kọ gbogbo ọ̀rọ̀ eré sínú ìwé. Ọ̀gá á pe àwọn èèyàn rẹ̀ jọ, á sọ ìtàn náà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á sì pín ipa fún kálukú. Wọ́n á kọ́ àwọn orin náà dáadáa. Àmọ́ tó bá kan ọ̀rọ̀ ẹnu, kálukú ló máa wá ọ̀rọ̀ tó bá ipa rẹ̀ mu. Tí èrò ìwòran bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á fẹ ibẹ̀ lójú. Tí wọ́n bá dákẹ́ jù, wọ́n á tètè kọjá. Eré alẹ́ òní ò ní rí bíi ti àná gẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ ìtàn kan náà ni.

Eré tó wá sọ Ògúnmọ́lá di ìlú mọ̀ọ́ká jù ni Ọ̀mùtí. Inú ìwé Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, ló ti mú un. Ọdún 1952 ni wọ́n tẹ ìwé náà jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tí kò níṣẹ́ méjì ju ẹmu mímu lọ. Bàbá rẹ̀ fún un ní oko tí igi ọ̀pẹ rẹ̀ jẹ́ 560,000, ó sì gba adẹ́mu kan fún un. Lọ́jọ́ kan, adẹ́mu já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, ó kú. Ni ọ̀mùtí bá gbéra, ó ní òun ń lọ wá a dé ìlú àwọn òkú. Lójú ọ̀nà, ó pàdé Ikú fúnra rẹ̀. Ó tún tọpasẹ̀ ọkùnrin arẹwà kan tí ọmọbìnrin tẹ̀ lé kúrò lọ́jà, tó jẹ́ pé ńṣe ló yá gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀. Bó ṣe ń wọgbó lọ ló ń dá wọn padà fún àwọn tó ni wọ́n, títí tó fi ku agbárí nìkan.

Òyìnbó yin ìwé náà gan-an. Nílé níbí, ojú ń ti àwọn ọ̀mọ̀wé kan nítorí irú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí Tutùọlá fi kọ ọ́. Àmọ́ ta ni ò gbọ́ irú ìtàn yìí lẹ́nu ìyá àgbà rí? Ayé tí gbogbo wa ti mọ̀ láti kékeré ni Tutùọlá kó sínú Gẹ̀ẹ́sì. Ògúnmọ́lá ló kó o padà sínú Yorùbá.

Àjọ Rockefeller láti Amẹ́ríkà ló ṣèrànwọ́ owó tí Ògúnmọ́lá fi lo oṣù mẹ́fà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé Ọ̀mùtí jáde lọ́dún 1963. Demas Nwoko, ayàwòrán, ló ṣe ọ̀ṣọ́ orí ìtàgé. Ògúnmọ́lá fúnra rẹ̀ ló ṣe ọ̀mùtí náà, ó sì sọ ọ́ ní Lánkẹ́. Ó tún fi nǹkan kan kún un: ó sọ gbogbo ìrìn-àjò náà di àlá tí ọ̀mùtí lá.

Ẹ wá wò ó. Tutùọlá ló ni ayé náà, àwọn òṣèré sì wọ inú rẹ̀ bí àlejò ṣe ń wọ ìlú. Àlejò lè sọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú, àmọ́ kò lè yí òfin ìlú padà. Òkú ò lè bá alààyè padà sílé, bó ti wù kí Lánkẹ́ bẹ̀bẹ̀ tó. Láàárín òfin yẹn, kálukú ń dá ọ̀rọ̀ tiẹ̀, èkejì á gbà á lẹ́nu rẹ̀, èrò ìwòran náà á sì gbà pé inú igbó àwọn òkú làwọn wà, bẹ́ẹ̀ orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n jókòó sí. Ẹnì kan ò lè dá irú eré bẹ́ẹ̀ ṣe. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Wọ́n gbé Ọ̀mùtí káàkiri Nàìjíríà. Lọ́dún 1969, wọ́n gbé e dé Algiers, níbi àjọ̀dún àṣà gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Òṣogbo, níbi tí Dúró Ládípọ̀ àti Oyin Adéjọbí náà fi ṣe ibùdó, ni Ògúnmọ́lá ń gbé nígbà náà. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ẹni tó jẹ́ pé ara ló fi ń sọ̀rọ̀, ara náà ló kọ́kọ́ dá a. Ó kú lọ́dún 1973, kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún.

Kí ló wá kù? Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n jókòó da ọ̀rọ̀ àti orin Ọ̀mùtí kọ sílẹ̀, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé lọ́dún 1968, nígbà tí ọ̀gá ṣì wà láyé. Ká ní wọn ò ṣe é ni, eré náà ì bá ti bá àwọn tó ṣe é lọ. Ìwé ò lè fi bó ṣe ń rìn hàn wá, àmọ́ ó sàn ju òfo lọ.

Ẹ̀yin ará Yàgbà, Ìjùmú, Ọ̀wẹ̀, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Nínú ilé tiwa náà, àwọn àgbà ṣì wà tó mọ àlọ́, orin àti eré òṣùpá ní ẹ̀ka èdè wa. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọn ò kọ sínú ìwé kankan. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín lè gba ohùn sílẹ̀. Ẹ ní kí ìyá àgbà pa àlọ́ kan lópin ọ̀sẹ̀ yìí, kí àwọn ọmọ máa gbè é, kẹ́ ẹ sì gbà á sílẹ̀, nígbà tí ẹnu ṣì wà láti pa á.