Ronald Ross, Dókítà Tó Wádìí Ibà Lára Ẹyẹ



Tí ibà bá mú ẹnì kan ní kíláàsì wa, ẹ ó gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ: oòrùn ló pa á jù, epo ló jẹ jù, iṣẹ́ oko ọjọ́ Sátidé ló ṣe é. Lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi sọ pé oòrùn ló mú àbúrò mi. Gìrì ti mú un kí a tó gbé e dé ọsibítù. Ó yè, a dúpẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ìtàn Ronald Ross sí ara ògiri wa.

Almora ní Íńdíà ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún, ọdún 1857. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni, ológun sì ni bàbá rẹ̀. Ewì àti orin ló wù ú, àmọ́ bàbá rẹ̀ ní dókítà ni kó ṣe. Ó kọ́ ọ ní London, ó sì padà sí Íńdíà ní 1881.

Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ òyìnbó gbà pé afẹ́fẹ́ burúkú inú àbàtà ló ń fa ibà. Laveran, dókítà ará Faransé, ti rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ní 1880, ṣùgbọ́n wọn ò mọ bó ṣe ń ti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Ní 1894, Patrick Manson sọ fún Ross pé ẹ̀fọn lòun fura sí.

Ni Ross bá bẹ̀rẹ̀ sí í la ikùn ẹ̀fọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ, ọdún 1897, ní Secunderabad, ó rí kòkòrò náà nínú ẹ̀fọn tó ti mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan, Husein Khan.

Kò pẹ́ tí ìjọba fi gbé e lọ sí ibòmíràn. Nígbà tó dé Calcutta ní 1898, kò rí aláìsàn ibà tó pọ̀ tó. Kí ló ṣe? Ó lọ bá ẹyẹ! Ẹyẹ náà ní ibà tiwọn, àmọ́ kì í ran ènìyàn. Ó jẹ́ kí ẹ̀fọn jẹ ẹyẹ tó ní ibà, ó sì tọ ipa kòkòrò náà láti ikùn ẹ̀fọn dé ibi tí itọ́ rẹ̀ ti ń jáde. Ó tún jẹ́ kí àwọn ẹ̀fọn yẹn jẹ ológoṣẹ́ tí ara wọn le. Ibà mú àwọn náà. Ṣebí ológoṣẹ́ kì í jẹ epo, kì í sì í roko?

Grassi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì fi hàn pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti ènìyàn, ẹ̀fọn Anopheles ló ń gbé e. Òun àti Ross jà gan-an lórí ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ross ló gba ẹ̀bùn Nobel ní 1902. Kó tó gbà á, ní 1899, ó wá sí Freetown níbí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó rí kòkòrò ibà nínú Anopheles ibẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gbẹ́ ojú àgbàrá kí omi má dúró.

Ibà ẹyẹ ò tíì tán nílẹ̀. Pẹ́ńgúìnì, ẹyẹ òkun tí kì í fò, tí wọ́n bá kó o wá sí ọgbà ẹranko níbi tí ẹ̀fọn wà, ibà lè pa á kíákíá, torí ara rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n. Ní erékùṣù Hawaii, kò sí ẹ̀fọn rárá tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé ní nǹkan bí ọdún 1826. Nígbà tí ibà ẹyẹ náà débẹ̀, ó pa ẹyẹ igbó wọn lọ bẹẹrẹ. Oòrùn ti ń ràn ní Hawaii láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ẹ̀fọn ni àlejò.

Ross kú ní London ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1932. Ohun tó rí ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, àwa ní Kabba níbí ṣì ń bú oòrùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dí kòtò tí omi ń dúró sí, ká sùn nínú nẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ mú un lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró de gìrì.